Ìdọ̀bálẹ̀ Etí Kànga

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wo iṣẹ́ tí ẹ máa fi ayé yín ṣe, ẹ fara balẹ̀ kí ẹ gbọ́ tèmi. Èmi ni Bàbá Dáníẹ́lì, agbẹ́kànga, ọmọ Ìlóbí. Kí n má parọ́ fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀, èmi kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ lọ bá pé kó wá sọ ìtàn iṣẹ́ yìí. Làmídì ni. Làmídì tó bá mi lẹ́nu iṣẹ́, tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń ta kókó okùn! Ó sì dá wọn lóhùn pé, "Ẹ lọ bá Ẹ̀gbọ́n mi Dáníẹ́lì. Ó mọ iṣẹ́ náà jù mí lọ, ẹnu rẹ̀ sì dùn ju tèmi." Ṣé ẹ rí i? Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Á fi ìrẹ̀lẹ̀ gba iwájú mọ́ èèyàn lọ́wọ́, èèyàn ò sì ní rí ibi tó máa mú un.

Kíláàsì kẹrin ni mo ka ìwé dé. Tíṣà wa ní orí mi le bíi yangí. Mo ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n jẹ́ kí n kúkú lọ máa gbẹ́ yangí. Bàbá mi mú mi lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Àkànní lọ́jọ́ kejì. Ti owó iṣẹ́, kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: ó tó mi jẹun, ó tó mi gbéyàwó, kò tó mi yangàn.

Ọ̀gá Àkànní ga, ó tín-ín-rín, àfi bí ẹni pé kànga ni wọ́n wọ̀n kí wọ́n tó dá a. Ó le. Bí o bá wọ bàtà dé etí kànga, inú igbó ni bàtà yẹn máa sùn. Bí o bá súfèé nígbà tí ẹnì kan wà nísàlẹ̀, má retí oúnjẹ ọ̀sán. Kò sì ní jẹ́ kí o fọwọ́ kan dígà kí o tó mọ okùn. Bí wọ́n ṣe ń sá a sóòrùn, bí wọ́n ṣe ń fi àtẹ́lẹwọ́ wá ibi tó ti ń já, àti bí wọ́n ṣe ń gbọ́ èdè rẹ̀. Okùn a máa sọ̀rọ̀. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ á fà á díẹ̀, ìwọ tí o wà lókè á mọ̀ bóyá erùpẹ̀ ló fẹ́ kí o fà ni o, tàbí ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n òfin kan wà tó ju gbogbo ìyẹn lọ. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ kànga láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tó máa di okùn rẹ̀ mú. Á dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà á kanlẹ̀, á ní, "Ohun tí mo ṣe ọ́ tí mo mọ̀, àtèyí tí n ò mọ̀, dárí rẹ̀ jì mí." Bí ẹni tó di okùn bá ní ẹ̀dùn kan nínú, á tú u síta lójú ẹsẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ náà kò bá sì tíì tán, kò sẹ́ni tó máa wọlẹ̀, kódà kí òùngbẹ máa gbẹ oníkànga pa.

Ẹ jẹ́ kó yé yín pé òfin náà kò yọ ọ̀gá fúnra rẹ̀ sílẹ̀ o. Ọ̀gá Àkànní tó ti lọ́mọ-ọmọ á na ara rẹ̀ sílẹ̀ fún èmi tí irùngbọ̀n kò tíì hù. Ní Ayétòrò, ìyá kan rí i, ó gbé ọwọ́ lérí.

"Yéè! Àgbàlagbà ń dọ̀bálẹ̀ fọ́mọ kékeré! Ayé ti bàjẹ́ o!"

Ọ̀gá dá a lóhùn láti orí ilẹ̀ níbẹ̀. "Ìyá, kò tíì bàjẹ́. Mò ń tún un ṣe ni kí n tó wọ inú rẹ̀."

Ó máa ń sọ fún wa pé ìsàlẹ̀ lomi wà, pé ẹni tí kò bá lè sọ̀kalẹ̀ lórí ilẹ̀, kí ló fẹ́ lọ wá nínú ilẹ̀? Ó ní Ọlọ́run gan-an kò fẹ́ràn òkè tó bí àwọn èèyàn ṣe rò. Mo gbọ́. Etí mi gbọ́ ọ, àyà mi ni kò gbọ́. Ìdọ̀bálẹ̀ tèmi yàtọ̀: ọwọ́ méjèèjì á wà nílẹ̀, ìka ẹsẹ̀ á wà nílẹ̀, àyà á wà lókè bíi ti alángbá. Mo ti dìde kí ọ̀rọ̀ tó tán lẹ́nu mi. Bóyá ọ̀gá rí i, bóyá kò rí i, kò sọ ọ́.

Báyìí ni Làmídì dé, láti apá Ọ̀jà-Ọ̀dàn. Ọmọ dáadáa ni, àfi pé ògógóró ló fi ń fọnu láàárọ̀. Kò pẹ́ rárá tó gbé okùn ọ̀gá, okùn tuntun tí kò tíì mọ inú kànga rí. Ó gbé e sọdá bódà, ó tà á, ó sì mu ún. Bí ẹ ṣe gbọ́ ọ yẹn ni mo ṣe sọ ọ́: ó mu okùn. Ẹ̀rín pa mí títí mo fi jókòó sílẹ̀. Mo ní a ti bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn.

Ó pẹ́ díẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ìta Ìlaròó. Ọ̀gá ti dọ̀bálẹ̀ tán, ó fẹ́ wọlẹ̀, okùn wà lọ́wọ́ mi. Bí Làmídì ṣe yọ nìyẹn, ó gbẹ bíi sípóòkù kẹ̀kẹ́. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó da ara rẹ̀ délẹ̀ níwájú ọ̀gá, lójú onílé, lójú àwọn ìyàwó rẹ̀, lójú ẹni tó ń ta ẹ̀kọ.

"Ọ̀gá, mo jí okùn yín. Mo mu ún. N ò ní àwáwí kankan."

Mo ń retí ìgbátí. Ẹ gbọ́ ohun tí bàbá yìí ṣe. Ó wò ó títí, ó sì na ara tirẹ̀ náà sílẹ̀, orí kojú orí.

"Èmi náà ti ṣépè fún ọ, Làmídì, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Dárí jì mí."

Ìyá ẹlẹ́kọ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Wọ́n dìde. Ọ̀gá wá nawọ́ sí mi, ó gba okùn lọ́wọ́ mi, ó gbé e fún Làmídì. "Dì í mú. Mò ń wọlẹ̀."

Olè tó jí okùn lánàá ni wọ́n gbé okùn ẹ̀mí èèyàn lé lọ́wọ́ lónìí. Èmi tí n ò jí fọ́nrán rẹ̀ kan rí dúró síbẹ̀ bí òpó tí wọ́n yọ pátákó kúrò lára rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni owú ti wọ inú mi, ó rí ibẹ̀ tutù, ó sì kọ́lé síbẹ̀.

Láti ìgbà yẹn, Làmídì kò fẹnu kan ọtí mọ́. Ó túúbá pátápátá. Bó ṣe ń dọ̀bálẹ̀ létí kànga, bẹ́ẹ̀ ló ń forí kanlẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí. Ohun tó wá ń bí mi nínú jù ni pé ibi tó bá ti gbẹ́ ni omi máa ń yọ. Omi dídùn! Àwọn èèyàn á ní, "Ọlọ́run ń gbọ́ ti Làmídì." Ní tòsí Ìbèṣè, mo gbẹ́ kànga kan títí mo fi kan òkúta. Làmídì sún ibẹ̀ díẹ̀, bíi kí èèyàn sún àga, omi tú jáde. Òkúta ni Ọlọ́run fi ń dá èmi lóhùn.

Ẹ má rò pé n ò ń gbàdúrà o. Mo wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa, ohùn mi ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ìsìn ti bẹ̀rẹ̀ láti ìta. Mo gbààwẹ̀. Mo bá Ọlọ́run ṣẹjọ́, mo ní, "Baba, èmi tí n ò jí nǹkan ẹnikẹ́ni! Ṣé kí n kọ́kọ́ lọ jí okùn ni kí o tó mọ̀ mí?" Mo tiẹ̀ rò ó wò. Nígbà tó yá mo rí i pé eruku máa ń wà níwájú orí Làmídì bó bá ti mọ́ṣáláṣí dé. Mo ní àṣírí tú. Ní ọjọ́ Ìsinmi, mo bu yanrìn pa iwájú orí kí n tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyàwó mi wò mí.

"Bàbá Ṣèyí, níbo lẹ ti ṣubú?"

"N ò ṣubú. Àdúrà ni."

"Ẹ lọ bọ́jú yín, ó jọ ti ẹni tí ewúrẹ́ kàn."

Ibi kan ṣoṣo ni mo ti ta á yọ. Lápá Àgọ́ṣáṣá, èmi àti Làmídì gbẹ́ kànga kan tó jìn débi pé mo gbọ́ tí àwọn ará ìsàlẹ̀ ń sọ Faransé. Wọ́n ní "bọ́ńjúù", mo ní ẹ káàárọ̀ o. Làmídì ní ikùn mi ló ń kùn. Ẹ ò rí i pé òun náà ń jowú nígbà mìíràn?

Ayé ò lọ bí ọ̀pá ìbọn. Ọ̀gá Àkànní papò dà. Ìgbà kan ṣoṣo ni mo rí i tó sùn sílẹ̀ tí kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ríìngì kọnkéré dé, a kò to òkúta mọ́ ẹ̀gbẹ́ kànga mọ́. Sìmẹ́ńtì wá pọ̀ lágbègbè wa títí tí títì fi funfun. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ tuntun gbé ẹ̀rọ dé orí ọkọ̀. Ẹ̀rọ yẹn á gbẹ́ ilẹ̀ láàárọ̀, á rí omi kí ilẹ̀ tó ṣú, kì í sì í dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Èmi àti Làmídì gbé dígà kọ́ sára ògiri. Mo rò pé ibẹ̀ ni ìjà èmi àti Ọlọ́run parí sí.

Àfi ìgbà tí ìjọba ti bódà pa. Gbogbo wa la mọ bó ṣe rí lápá ibí. Ẹni tó ń ta ìrẹsì, ẹni tó ń gbé èrò, gbogbo wọn jókòó sílé. Wọ́n ní ilé epo tó bá ti súnmọ́ bódà kò gbọdọ̀ ta epo bẹntiróòlù mọ́. Jẹnẹrétọ̀ tó ń fa omi kànga ẹ̀rọ yadi. Ní àdúgbò kan ní Àgọ́ṣáṣá, àwọn obìnrin ń ru kẹ́ẹ̀gì lọ sí odò, omi odò náà ò sì dára, àwọn ọmọ ń ṣu gbuuru. Baálẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. Kànga tí èmi àti Làmídì gbẹ́ níjelòó, yanrìn ti dí i. Ó ní, "Ẹ̀yin àgbà, ẹ bá wa wá jí i."

Inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Mo ní, Dáníẹ́lì, àyè rẹ rè é. Bí omi yìí bá jáde láti ọwọ́ rẹ, lójú gbogbo ayé, a jẹ́ pé Ọlọ́run mọ orúkọ rẹ náà. Bó bá sì tún jẹ́ ọwọ́ Làmídì ló ti jáde, kí n kúkú gbà pé wọn ò mọ̀ mí lọ́run.

Nígbà tí a débẹ̀, àwọn ọlọ́kadà tí kò rí epo rà ló wá bá wa fa okùn. Kọ́lá ló ṣáájú wọn, ọkùnrin tó lápá bí ọmọ odó. Làmídì kí wọn tán, ó yíjú sí mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí èmi wọlẹ̀. Ibẹ̀ ti le fún yín."

"Ta ló sọ fún ọ pé mo ti darúgbó?"

"Orúnkún yín ni. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nígbà tí ẹ ń bọ́ lórí ọ̀kadà."

Àwọn ọlọ́kadà bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Làmídì, di okùn mú."

Mo ṣe ìdọ̀bálẹ̀ alángbá mi fún un. Mo ti fẹ́ dìde nígbà tó sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, àyà yín ò kanlẹ̀."

"Ilẹ̀ tutù."

"Nínú òòrùn yìí?"

"Ṣé o ní nǹkan kan nínú sí mi ni?"

"N ò ní nǹkan kan. Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ ní nǹkan kan nínú sí mi?"

Kò sẹ́ni tó ní kó bi mí ní ìyẹn. Òfin ò tiẹ̀ ní kó béèrè. Mo ní rárá o. Ẹnu mi sọ ọ́ kíákíá, bí ẹni ju iyán gbígbóná sílẹ̀. Mo bá wọlẹ̀.

Nísàlẹ̀, ara mi tún di ti ọ̀dọ́. Mo ń kó yanrìn, wọ́n ń fà á. Mo ń kó o, wọ́n ń fà á. Nígbà tó yá, yanrìn bẹ̀rẹ̀ sí í tutù lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ọkàn mi fò sókè! Mo ní ó kù díẹ̀. Dípò kí n máa gbẹ́ ìdí rẹ̀ lọ jẹ́jẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wa ẹ̀gbẹ́ ibi tí òkúta ti yọ, kí omi lè tètè tú. Làmídì rí yanrìn tó ń jáde, ó mọ̀. Ó pariwo láti òkè.

"Ẹ̀gbọ́n! Ẹ̀gbẹ́ yẹn ń ṣí! Ẹ fi pákó tì í kí ẹ tó tẹ̀ síwájú!"

Pákó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbẹ̀. Bó bá jẹ́ Ọ̀gá Àkànní ló pè, màá ti tì í. Bó bá jẹ́ ewúrẹ́ ló ké, màá tiẹ̀ gbójú sókè. Ṣùgbọ́n ohùn Làmídì ni. Ibẹ̀ ni mo ti wá mọ ìdí tí ọ̀gá fi ṣe òfin yẹn, ó sì ti pẹ́ jù: ẹni tí o bá di nǹkan sínú sí, o ò ní gbọ́ ohùn rẹ̀ nígbà tó bá ń gba ẹ̀mí rẹ là. Mo tún ta dígà mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀hún.

Yanrìn wó. Kò pariwo rárá, ó kàn ṣe ṣììì bí aṣọ tó bọ́ lára. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, ó ti bò mí dé àyà. Àyà tí n ò jẹ́ kó kanlẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé mi, ilẹ̀ ti wá a wá fúnra rẹ̀. Bí mo bá mí, yanrìn á tún fún mi sí i.

"Ẹ̀gbọ́n! Ẹ ṣì wà níbẹ̀?"

"Níbo lo fẹ́ kí n lọ?"

"Mò ń bọ̀."

Mo ń retí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ni mo gbọ́. Làmídì ń dọ̀bálẹ̀ fún àwọn ọlọ́kadà! "Ẹ̀yin ará, ohun tí mo ṣe yín tí mo mọ̀, àtèyí tí n ò mọ̀..."

Mo fi gbogbo èémí tó kù lágbọ̀n àyà mi kígbe. "Làmídì! Ikú ń pa mí, ò ń kí èèyàn!"

Ohùn Kọ́lá ni mo gbọ́. "Bàbá, kò dáa kí n sọ ọ́ báyìí. Ẹ̀yin lẹ lé ọ̀kadà mi kúrò níwájú mọ́ṣáláṣí lójú èrò mi. Ẹ pè mí ní ọmọ tí wọn ò kọ́ nílé. Ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kú nígbà náà ni."

"Mo pè ọ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Mo ṣẹ̀ ọ́, mo sì ṣẹ ìyá rẹ. Forí jì mí, ọmọ mi."

Kọ́lá tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. "Ó ti tán, Bàbá. Ẹ máa lọ. Mo dì yín mú."

Bí Làmídì ṣe ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀, iyẹ̀pẹ̀ àyà rẹ̀ ń jábọ́ sí mi lórí.

Pákó ló kọ́kọ́ fi ti ẹ̀gbẹ́ kànga. Ó wá kúnlẹ̀ tì mí, ó ń fi ọwọ́ lásán wa yanrìn kúrò lára mi, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń wa iṣu tí kò fẹ́ kó dá. N ò lè wo ojú rẹ̀, n ò sì ní ibòmíràn tí mo lè yíjú sí.

"Làmídì, mo parọ́ fún ọ lókè. Mo ní nǹkan nínú sí ọ."

"Mo mọ̀, Ẹ̀gbọ́n."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ tí Ọ̀gá gba okùn lọ́wọ́ yín fún mi."

"O mọ̀, o sì ń jẹ́ kí n di okùn rẹ mú ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn?"

"Ẹ kò jù mí sílẹ̀ rí."

Omi bọ́ lójú mi, n ò sì lọ́wọ́ tí mo lè fi nù ún. Mo ní, "Ìlara ni, Làmídì. Mò ń jowú pé Ọlọ́run súnmọ́ ọ jù mí lọ. Dárí jì mí."

Ó ń wa yanrìn lọ. "Mo ti dárí jì yín tipẹ́. Ṣùgbọ́n kò súnmọ́ mi jù yín, Ẹ̀gbọ́n. Èmi ni mo ṣubú. Ẹni tó bá ṣubú ló máa ń mọ ibi tí ilẹ̀ wà. Ibẹ̀ ni mo bá a."

Mo ti gbàdúrà sókè ní ṣọ́ọ̀ṣì láti kékeré, ó sì máa ń rí bí ẹni kígbe sẹ́nu kànga, ohùn èèyàn náà ló máa padà wá bá a. Lọ́jọ́ náà, mo sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, Làmídì gan-an lè má gbọ́. Mo ní, "Baba, ṣàánú mi." Ohùn mi kò padà wá. Ẹnì kan gbà á.

Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ fà jáde. Wọ́n gbé mi sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹrẹ̀ bò mí láti òkè délẹ̀. Làmídì dúró sísàlẹ̀ kó bá mi tún ìdí kànga ṣe. Kò ju kí èèyàn jẹ gúgúrú ẹ̀kúnwọ́ kan lọ tí mo gbọ́ igbe rẹ̀. Garawa jáde, omi ló wà nínú rẹ̀. Àwọn obìnrin ju kẹ́ẹ̀gì sókè.

"Omi! Omi o! Làmídì ti mú omi jáde! Ọlọ́run ń gbọ́ ti Làmídì!"

Mo wà ní ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́kadà wò mí, ó ní, "Bàbá Dáníẹ́lì, kí lẹ̀yin wá ṣe níbẹ̀ látàárọ̀?"

Ọ̀rọ̀ ru sókè nínú mi. Ta ló kó gbogbo yanrìn tẹ́ ẹ rí yẹn? Ta ló gbẹ́ ẹ títí tó fi tutù? Ọ̀rọ̀ náà dé eyín mi, ó ń kan ilẹ̀kùn. Mo gbé e mì. Ó gbóná, ó le, ó gba ọ̀fun mi lọ bí egungun ẹja. Mo wá dáhùn sókè tí gbogbo wọn gbọ́.

"Làmídì ni o! Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mú omi jáde, ó sì mú èmi náà jáde."

Nínú gbogbo iṣẹ́ tí mo ṣe láyé, kò sí èyí tó le tó gbólóhùn yẹn. Òkúta Ìbèṣè, ẹ̀kọ mímu ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bó ṣe jáde lẹ́nu mi, inú mi tutù. Mo jókòó sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn nínú ẹrẹ̀, kò sẹ́ni tó wo apá ọ̀dọ̀ mi, síbẹ̀ n ò dá wà. Bí ẹni pé ẹnì kan jókòó tì mí ni, tí kò sì kánjú.

Wọ́n ti ṣí bódà báyìí. Epo ti dé, ẹ̀rọ tún ń pariwo, ẹ̀yin ọ̀dọ́ á sì máa yan iṣẹ́ tí kò ní ba aṣọ yín jẹ́. Ẹ yàn án, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó wù kí ẹ yàn, ẹnì kan á máa di okùn yín mú. Ẹ bá a parí ọ̀rọ̀ kí ẹ tó wọlẹ̀.

Kànga yẹn ṣì wà ní Àgọ́ṣáṣá. Kànga Làmídì ni wọ́n ń pè é. Kò burú. Àmọ́ kí ẹ má ṣìnà o: èmi ni mo gbẹ́ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ìdí rẹ̀ lásán ni Làmídì fọwọ́ kàn. Yanrìn ti tutù lábẹ́ ẹsẹ̀ mi kó tó...

Háà. Ẹ rí i, ó tún ti jáde lẹ́nu mi.

Ṣèyí ọmọ mi, bá mi gbé ọ̀pá mi wá. Mò ń lọ sílé Làmídì.